Kóòtù Òtútù ní Pópó Àgùdà

Kò sí ohun tó ń ṣe Lázárò ju ẹnu lọ. Kì í jalè, kì í mutí, kì í wá ìjà. Ṣùgbọ́n ẹnu! Bí ojú ọjọ́ bá ṣú lásán, Lázárò á ti ní òun fi omi òjò náà wẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lázárò á ti sọmọ lórúkọ kó tó rí ìyá ọmọ.

Nígbà tí yunifásítì kan ní London gbà á pé kó wá ka Másítà, gbogbo Pópó Àgùdà ló gbọ́. Ó ra kóòtù òtútù kan lọ́dọ̀ olókìrìkà ní Balógun, ó gùn dé kókósẹ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

"Lázárò, ṣé ara ẹ ò yá ni?"

"London ni mò ń fi kọ́ra," á fi imú dáhùn, òógùn á sì máa ṣàn wọnú bàtà rẹ̀.

Owó ló kù. Kò ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ní in ni Ànti Theodora, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, òun náà sì ń tọ́jú tirẹ̀ láti fi tún òrùlé ilé ìdílé wọn ṣe. Òrùlé ọ̀hún ń jò débi pé bí òjò bá ti ń bọ̀, àwọn ará ilé á ti máa du korobá mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

"Ànti mi, ẹ yá mi lówó òrùlé yẹn," Lázárò bẹ̀ ẹ́. "Tí mo bá kàwé tán, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni màá fi san án. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ojú ẹni tó yá a ní àáké."

"Ẹni tó yá a ní àáké ń wo ojú tiẹ̀ o. Tó o bá kà á tán tí o ò ríṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ló máa wá mi! Ṣebí ẹ mọ Anthony ọ̀rẹ́ mi? Ohun tí mo fẹ́ kà lòun náà kà. Ó ti dọ̀gá ní London! Ó ti wálé wá ṣọdún Àjíǹde, màá mú un wá kó fẹnu ara ẹ̀ sọ."

Ta ló sọ fún Lázárò pé Anthony ti dọ̀gá? Kò sẹ́nì kankan. Fọ́tò ló rí lórí fóònù, níbi tí Anthony ti dúró síwájú ilé gíláàsì kan tó ga dé ọ̀run.

Ọjọ́ wo ló wá mú? Ọjọ́ Ẹtì Rere! Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá yó kì í ṣahun. Ọjọ́ náà ni gbogbo ìdílé máa ń pé jọ jẹ fìrèjọ́n, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn àti ṣúgà sè, tí wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Èèwọ̀ ilé wọn ni kò rántí. Ìyá ńlá wọn tó ti Bàhíà lókè òkun dé ló fi í lélẹ̀ pé ẹni tó bá parọ́ nídìí fìrèjọ́n, eegun ẹja á há a lọ́fun.

Anthony dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, wọ́n sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ọ́ńkù Jeremy, àgbà ilé, ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń kà níbẹ̀ gan-an?"

"Ìmọ̀ Ọjọ́ Iwájú ni, sà," Lázárò sáré dáhùn.

"Ọjọ́ iwájú ta?"

"Ti gbogbo ayé, sà!"

"Tìẹ wà níbẹ̀?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Lázárò tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Anthony, sọ fún wọn jàre! Ṣebí ìwọ lọ̀gá nílé gíláàsì yẹn?"

Anthony ti bu ẹja sẹ́nu. "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi lọ̀gá..." Họ́ọ̀kù! Eegun há. Ojú rẹ̀ pọ́n, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ki gààrí gbígbẹ sí i lẹ́nu, eegun sì lọ. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìyẹn ni pé mo máa tó dọ̀gá..." Họ́ọ̀kù! Òmíràn tún há. Ànti Theodora ṣe àmì àgbélébùú.

"Ọmọ yìí, sọ òótọ́ kó o tó kú sílé onílé," Ọ́ńkù Jeremy pariwo. "A ò lówó pósí o!"

Omijé bọ́ lójú Anthony. "Mo máa ń nu gíláàsì ilé náà ni, sà. Látìta." Kíá, eegun sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

Lázárò ò gbà. "Ilé alájà ogún mà ni, Ọ́ńkù! Ta ló tún fẹ́ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́?"

Ara ti wá tu Anthony wàyí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Ànti Theodora. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, gbèsè tí mo jẹ kàwé ò jẹ́ n sùn. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ yá èèyàn lówó. Ẹ kúkú yá èmi. Èmi ṣáà ti kà á tán ní tèmi."

"Ta ló máa ṣe onídùúró ẹ?"

"Lázárò ni, mà. Òun ló mọ bí mo ṣe lówó tó."

Gbogbo ojú yí sí Lázárò. Ẹja wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rántí eegun, ó tu ẹja náà padà sínú àwo.

Bẹ́ẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Omi ń gba òrùlé kán tó, tó, tó sí èjìká kóòtù òtútù tí Lázárò wọ̀. Lázárò wo òkè, ó wo Ànti Theodora, àánú ara rẹ̀ ṣe é. Ó rọra bọ́ kóòtù náà, ó ká a.

"Ànti mi, ẹ fi owó òrùlé yẹn pe káfíńtà lọ́la. Ẹ bá mi wá àkàbà, ẹ jẹ́ n fi èyí dí ibi tó ń jò ná."

Ọ́ńkù Jeremy gbé ẹja mì, kò há, ó wá ní:

"Anthony ni kẹ́ ẹ gbé àkàbà fún. Òun ló kàwé ẹ̀."