Ọmọbìnrin tí Tíṣà Ò Fún Lóúnjẹ

Mo wà níbẹ̀ kẹ̀, ta ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Èmi ni mò ń di ìwé pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, àga mi ò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ sí tábìlì Àǹtí Atẹ̀wé. Oníbàárà wa lọ́jọ́ náà ni Tíṣà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń wọ táì kódà lọ́jọ́ Sátidé. Ó kọ ìtàn fáwọn ọ̀dọ́, nípa ìlú kan lọ́jọ́ iwájú níbi táwọn ìkà ti ti omi mọ́lé, tí ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan wá dìde láti tú u sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìdíje fáwọn òǹkọ̀wé wà ní òdìkejì títì, aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa tilẹ̀kùn gbígba ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá ìwé Tíṣà padà. Aago mẹ́ta ti kọjá dáadáa.

Ohun tí Tíṣà ò mọ̀ ni pé Àǹtí kì í tẹ àṣìṣe. Tó o bá gbé lẹ́tà wá tó o gbàgbé déètì, á bá ẹ fi sí i. Tó o bá gbàgbé láti kí ìyá ẹ, á bá ẹ kí i.

Tíṣà ń ka àwọn ojú ìwé tó ti jáde látinú ẹ̀rọ. Ló bá yọ awò ojú.

"Àǹtí, ojú ìwé kejìlá. Búrẹ́dì wo nìyí?"

"Búrẹ́dì àti ẹyin méjì ni, sà. Ọjọ́ márùn-ún ni ọmọbìnrin yẹn ti ń sáré, ẹ ò fún un ní nǹkan kan. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni."

"Mi ò gbàgbé. Akọni ni. Ó yẹ kó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀gá àwọn ìkà yẹn jẹ ẹran lẹ́ẹ̀mẹrin, mo kà á."

Tíṣà ní kí búrẹ́dì máa wà níbẹ̀. Ó wá béèrè dígí ojú ìwé kẹsàn-án. Àǹtí ní òun yọ ọ́, torí ọmọ náà ti wo dígí lójú ìwé kẹta, ó sì tún máa wò ó lójú ìwé kejìlélógún.

"Kí ló ń wò níbẹ̀?" Àǹtí bi í.

"Ẹwà ẹ̀. Àmọ́ kò mọ̀ pé òun rẹwà."

"Lẹ́yìn dígí mẹ́ta?"

"Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn."

"Ojú ló ń dùn ún, sà. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó lọ rí dókítà."

Mo dorí kodò, mo ń gé okùn. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí.

Tíṣà tú táì ẹ̀ díẹ̀. Ó ṣàlàyé bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì, pé ọmọ yìí ò dà bí àwọn ọmọbìnrin yòókù: kò fẹ́ràn aṣọ rírán, kò fẹ́ràn irun dídì, ọ̀rọ̀ wọn máa ń sú u. Àǹtí bi í pé ọdún mélòó ló fi ṣe tíṣà. Ó ní ọgbọ̀n ọdún. Àǹtí wá ní nínú gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó kọ́, èwo lèyí?

Tíṣà fi táì nu awò ojú ẹ̀.

"Ọ̀kan wà," ló wí, "tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kí n tó kọ ìṣirò tán lójú pátákó, ó ti yanjú ẹ̀. Tó bá di àkókò ìsinmi, á máa dirun fún gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀."

"Kí ló dé tí ò sí nínú ìwé?"

"Ẹni tó ń dirun kì í jẹ́ akọni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo irú ìwé yìí tí mo ti kà."

Àǹtí ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tó dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀ dúró. Nínú ìtàn náà, omi ti dé, ìlú ti mu, ọmọbìnrin náà wá fa kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi lé ọ̀kan lọ́wọ́ nínú àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń du ìfẹ́ ẹ̀, ó lọ gbin òdòdó.

"Tíṣà, ta ló ń ṣọ́ omi báyìí?"

"Ọmọkùnrin yẹn."

"Láti orí kẹta ìwé yìí ni báńdéèjì ti wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kò dé ìdí ẹ̀rọ omi yẹn rí. Ìlú yìí á gbẹ kó tó di Mọ́ńdè."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Tíṣà wo aago, ó wolẹ̀kùn. Ìwé ẹ̀ ni, ó lè ní kí Àǹtí tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ó mú bírò, ó fagi lé ojú ìwé náà fúnra ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é sí Àǹtí létí: ọmọbìnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara ẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń dirun, tó mọ ìṣirò, àwọn méjèèjì jókòó ti ẹ̀rọ omi. Àǹtí ń tẹ̀ ẹ́ bí òjò orí páànù.

Mo di ìwé náà, ó ṣì gbóná lọ́wọ́ mi. Tíṣà há a mọ́ abíyá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà, ojú ẹ̀ ti fà ro.

"Àǹtí, àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ńkọ́? Wọn ò mà níṣẹ́ kankan nínú ìwé yìí mọ́ yàtọ̀ sí kí wọ́n máa wo ọmọbìnrin náà."

Àǹtí ti ń kó bébà ẹlòmíì sínú ẹ̀rọ.

"Ẹ ní kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́, sà."