Bí Baba Ìjì Ṣe Wá Adágún fún Afẹ́fẹ́

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó fi itọ́ ra ìka, tó na ìka náà sókè láàrin títì, tó wá di ojú bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti òkè ọ̀run, ẹ má pe dókítà. Baba Ìjì ni. Ọkọ atẹ́gùn, àna ẹ̀fúùfù, ọ̀gbẹ́ni tó mọ ilé tí afẹ́fẹ́ ń sùn sí, tó sì mọ ìgbà tó máa jí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi gbogbo oríkì yẹn ta ara rẹ̀ lọ́rẹ. Tàwọn ará àdúgbò kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹfẹyẹ̀yẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Fáànù ló ń tà. Fáànù orí tábìlì, fáànù onídùúró, fáànù àjà. "Ta ló tún máa mọ afẹ́fẹ́ ju ẹni tó ń tà á lọ?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí adágún inú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà láàrin ìlú, tí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yí ká bí ìgbà tí wọ́n sé adìyẹ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé màṣíìnì ìránṣọ sí igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti mọ bí èèyàn ṣe ń fi etí kan gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ, kó má bàa gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, dókítà eyín kan gbé ìgbòkun tó ya wá fún ìyàwó náà láti rán. Obìnrin yìí ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun pátákó onígbòkun. Èèyàn á dúró lórí pátákó gbọọrọ kan lójú omi, á di igi ìgbòkun mú, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e sáré lọ. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n ń wakọ̀ lọ sétí òkun ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Káńsù ti wá gbà láti fún wọn ní omi kan nínú ìlú, ẹyọ kan ṣoṣo, fún ọdún mẹ́wàá. Ó kù kí ẹni tó mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ bá wọn wá a.

"Ẹ ti rí i," Baba Ìjì wí láti ẹ̀yìn fáànù mẹ́fà.

"Ṣé ẹ ti gun pátákó yìí rí, sà?"

"Dókítà, ibi tí mo gùn ún dé, àwọn tó tẹ̀ lé mi ò tíì padà."

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè lórí màṣíìnì. Omi tó tóbi jù tó mọ̀ pé ọkọ òun wọ̀ rí ni ti inú báàfù. Ìyẹn gan-an, ó máa ń di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, tọkọtaya náà lọ wo adágún tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ, lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Omi náà tẹ́ lọ rẹrẹ, kò sílé, kò sígi tó dí i lójú. Bí ìyàwó ṣe ń sọ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ já ìborùn rẹ̀ gbà, ó gbé e kọ́ ara ọgbà onírin. Ó sá tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó sá kúrò nílé ìwé.

"Ibí ni afẹ́fẹ́ fi ṣelé," ni bàbá tó ń ṣọ́ omi náà wí. "Kì í gba ìsinmi."

Baba Ìjì na ìka rẹ̀ sókè. Fìlà rẹ̀ fò lọ.

"Afẹ́fẹ́ ibí ò lẹ́kọ̀ọ́," ó ní.

"Ṣebí afẹ́fẹ́ la wá wá?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ìyá àwọn ọmọ, ta ló máa rí wa níbí? Ewúrẹ́ mẹ́ta àti bàbá yìí?"

Ìgbà yẹn ló yé e. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n rán ọkọ rẹ̀, fífẹ̀ ló ń bá kiri.

Kó tó di ọjọ́ Ajé, ìjábọ̀ Baba Ìjì ti dé káńsù. Adágún inú ọgbà ìgbafẹ́ ló yàn, èyí tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ka ìjábọ̀ náà sétí ìyàwó rẹ̀: "Èmi fúnra mi ni mo wọn jíjìn rẹ̀. Mítà mẹ́rin ni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dúró ṣinṣin."

"Ó dúró lóòótọ́," ìyàwó dáhùn. "Àwọn aṣọ tí mò ń sá sétí ibẹ̀ ò mì rí. Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mẹ́wàá ni. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Ọdún mẹ́wàá tí gbogbo ìlú á fi máa wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa. Ìwọ ṣáà máa ránṣọ."

Ó ń ránṣọ lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí dókítà eyín wá gba ìgbòkun rẹ̀, aránṣọ náà rọra sọ fún un pé, "Màdáàmù, kí káńsù tó fọwọ́ sí i, ẹ ní kí ẹni tó wá omi yẹn kọ́kọ́ gun pátákó lórí rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ ló yọ.

Nígbà tí ìwé káńsù dé pé Baba Ìjì ló máa ṣí adágún náà lórí pátákó, ó kọ́kọ́ jókòó. Ó mu omi. Ó wá na ìka sókè nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, ó ní, "Ṣé kì í ṣe afẹ́fẹ́ náà ni?"

Lọ́jọ́ náà, èrò kún etí omi, wọ́n kún ojú fèrèsé gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ewé ò mì. Baba Ìjì yọ nínú aṣọ funfun ọ̀gá ológun ojú omi, bọ́tìnì wúrà méjìlá láyà.

"Ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ó máa bo bọ́tìnì mi. Ìwọ lọ dúró nídìí òdòdó, kí o má gbàgbé."

Ó gorí pátákó létí omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ màlúù. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "èmi àti afẹ́fẹ́ la jọ dàgbà." Ó fi itọ́ ra ìka, ó nà án sókè.

Òdòdó etí omi tẹrí ba. Ìwé fò lọ́wọ́ alága káńsù. Ìgbòkun wú, pátákó sì rọra ń lọ. Èrò pariwo. Baba Ìjì gbàgbé ìbẹ̀rù, ó ju ọwọ́ sí wọn bí ọba tó ń kọjá.

Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, pátákó dúró. Ìgbòkun rọ. Pẹ́pẹ́yẹ kan bọ̀ lẹ́yìn, ó yà fún un, ó kọjá.

"Ìyá àwọn ọmọ," Baba Ìjì pè jẹ́jẹ́. Kò gbọ́. Ó pariwo: "Nọ́mbà mélòó lo tẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ wo ojú dókítà, ó wo àwọn èrò. Kò purọ́ fún ọkọ rẹ̀ rí, kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Méjì tí ẹ ní kí n tẹ̀ ni."

"Tẹ mẹ́ta."

"Nọ́mbà mẹ́ta kí ni?" alága bèèrè.

Dókítà fọwọ́ la àárín òdòdó. Fáànù onídùúró mẹ́ta ló tò síbẹ̀, páálí iye owó wọn ṣì wà lọ́rùn wọn.

Ọkọ ní kí wọ́n tẹ mẹ́ta, aya sì tẹ mẹ́ta. Fáànù bú, ìgbòkun yí bìrí, Baba Ìjì sì já sínú omi pẹ̀lú bọ́tìnì méjèèjìlá. Ó ń jà, ó ń ta omi kiri. "Mò ń rì o. Ẹ gbà mí, mítà mẹ́rin ni."

"Ohun tó kọ síbí náà nìyẹn," alága wí, ó ń wo ìjábọ̀.

Ìyàwó bọ́ bàtà, ó ká aṣọ sókè, ó wọ inú omi. Ó rìn, ó rìn, ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ dìde."

"Mi ò lè dìde, mò ń rì."

"Baálé mi, ẹ dìde dúró."

Ó dìde. Omi dé orúnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bò ó.

Ẹnì kan láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ló kọ́kọ́ pariwo: "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ." Ẹ̀rín bú láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé. Àwọn kan di ara wọn mú kí wọ́n má bàa ṣubú.

"'Èmi fúnra mi ni mo wọn jíjìn rẹ̀,'" alága kà á sókè. "Mítà mẹ́rin dà, sà?"

"Ó ti gbẹ díẹ̀ sí i, alága."

"Láti ọjọ́ Ajé?"

Alága fa ìjábọ̀ náà ya sí méjì. Ó bi dókítà bóyá omi mìíràn wà. Dókítà nawọ́ sí òkè lẹ́yìn ìlú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìgbòkun wọn sẹ́yìn ọkọ̀.

Baba Ìjì dúró sínú omi, ẹrẹ̀ ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Ìyá àgbà kan na ọrùn láti ojú fèrèsé.

"Baba Ìjì, fáànù tó gbé ọ dé àárín omi yẹn, èló ni?"

Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó wú àyà. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá, mà. Mo máa ṣe dáadáa fún yín."

Gbogbo ẹ̀rín tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́rìndínlógún ló bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú adágún, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí pẹ́pẹ́yẹ fi bínú kúrò níbẹ̀.