Ṣẹ́ẹ̀tì Olórí Agbálẹ̀

Lánàá, ẹjọ́ kan rìn wọ ààfin, ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé ló sì wọ̀ wá. Bàbá ọlọ́mọ méje ló wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì náà. Télọ̀ ni, tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ rọ̀ sí i lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ sì kúrú bí aṣọ tí wọ́n gé kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Lápá òsì àyà rẹ̀, wọ́n fi òwú pupa kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba pé OLÓRÍ AGBÁLẸ̀.

Baálẹ̀ kà á. Ó tún un kà. Ó yíjú sí ìjòyè obìnrin tó jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀.

"Ṣé a ránṣẹ́ pe agbálẹ̀ ni?"

"Èmi ò ránṣẹ́ pe agbálẹ̀ kankan o."

Télọ̀ tẹríba láti kí wọn. Bọ́tìnì kan já pàó, ó yí gbiri lọ sílẹ̀. Kó tó dúró, ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó jù ú sápò.

"Ẹ̀mí yín á gùn, Baálẹ̀," Télọ̀ ní. "Ohun tí ẹ kà yẹn ni ẹjọ́ mi. Ṣẹ́ẹ̀tì yìí, ti ọmọ mi ni. Mi ò yá a o. Mo jogún ẹ̀ ni! Ayé ti dorí kodò. Ọmọ ló ń jogún bàbá, èmi bàbá ni mo wá jogún ọmọ!"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká jogún ọmọ!" ìjòyè pariwo. "Sọ̀rọ̀ dáadáa!"

"Ọmọ náà wà láàyè, màmá. Òun ló dúró gbọnrangandan bí ọ̀pá iná lọ́hùn-ún yẹn."

"Ta ló wá pín ogún náà fún ọ?" Baálẹ̀ bi í.

Télọ̀ na ìka sí ìyàwó rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ obìnrin náà sí Má-dà-á-nù. Ọṣẹ tó bá ti tín-ín-rín, inú ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní èkejì ló ń kó o sí, kí wọ́n lè fi ìbọ̀sẹ̀ náà wẹ̀. Omi tí àwọn ọmọ fi wẹ̀, òun ló fi ń fọ ilẹ̀. Igi ìṣáná kan, ó ń là á sí méjì. Níbi tó dúró sí lánàá pàápàá, tòun ti ọmọ lẹ́yìn, òmíràn dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àwọn yòókù wà nítòsí, ó ń fi abẹ́rẹ́ dí ojú ihò ìbọ̀sẹ̀ kan.

"Baálẹ̀," Télọ̀ ní, "tí táàmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi á ṣí àpótí aṣọ, á ní, 'Ẹ tò!' Àwọn ọmọ á tò sára ògiri, látorí ẹni tó ga jù dórí ẹni tó kéré jù. Aṣọ á wá máa sọ̀ kalẹ̀. Ti àkọ́bí á bọ́ sọ́rùn èkejì, ti èkejì á bọ́ sọ́rùn ẹ̀kẹta, títí dé ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní táàmù yìí, mo kàn ń gbé ife omi kọjá ni. Mo ní kí n fara ti ògiri kí ọmọ kan lè ráyè kọjá. Ó wo orí mi, ó wo orí àkọ́bí, ó ní, 'Bàbá wọn, ẹ dúró síbẹ̀ náà. Ipò kejì ni tiyín.'"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín.

"Ipò kejì! Nínú ilé tí mo ti jẹ́ olórí!"

"Kí lo wá ń fẹ́ ká ṣe?"

"Kí ẹ yọ mí kúrò lórí ìlà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wò mí lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ní, 'Ọmọ, bàbá rẹ dà?' Mo ní èmi ni télọ̀. Ó ní, 'Ó dáa, tí bàbá rẹ bá ti dé, sọ fún un pé mo wá.' Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó lọ! Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń ránṣọ. Tí wọ́n bá sọ mí di ọmọ iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi, kí ni ọmọ méje máa jẹ?"

Ẹ̀rín rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ méje kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

"Ìyá àwọn ọmọ," Baálẹ̀ ní, "o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baálẹ̀. Aṣọ ò mọ bàbá, kò mọ ọmọ. Ara tó bá gbà á ló mọ̀. Ọmọkùnrin yìí ga sí i ní ìka mẹ́rin láàárín táàmù kan. Ṣẹ́ẹ̀tì ò gba òun mọ́, ó sì tóbi gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣé kí n wá kó o pamọ́ fọ́dún méjì kí aáyán máa fi ṣe ilé, nígbà tí ọrùn kan wà nílé tó bá a mu rẹ́gí? Ọlọ́run tó dá bàbá wọn mọ níwọ̀n, ó nídìí tó fi ṣe é. Ó rí àlàfo láàárín àkọ́bí àti èkejì, ó sì fi bàbá wọn dí i!"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fi mí dí àlàfo!"

"Lẹ́tà àyà rẹ̀ yẹn ńkọ́?" ìjòyè bi obìnrin náà. "O ò lè tú u?"

"Òun náà ló rán an, màmá. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ jẹ olórí agbálẹ̀ ní kíláàsì, bàbá rẹ̀ ló fayọ̀ rán orúkọ oyè sí i láyà. Mo ní kó tú u, ó ní iṣẹ́ òun kì í tú."

"Iṣẹ́ mi kì í tú lóòótọ́," Télọ̀ ní, kó tó rántí ẹni tó pẹjọ́. Ó gbáyà sókè. Bọ́tìnì kejì já. Má-dà-á-nù mú un, ó jù ú sápò.

"Télọ̀ ṣáà ni ọ́," Baálẹ̀ ní. "Kí ló dé tí o ò rán tuntun fún ara rẹ?"

"Mo ra aṣọ yáàdì mẹ́rin! Mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Kí n tó padà, ó ti di ṣòkòtò mẹ́ta àti fìlà ọmọdé kan."

"Fìlà méjì," Má-dà-á-nù ní. "Ìkejì ló wà lórí ẹni ẹ̀yìn mi yìí."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Télọ̀.

"Baálẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì yẹn fún un pinpin. Tó bá gbọ́wọ́ sókè kí mi láàárọ̀, ìdodo rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kí mi."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún mi pé ó bá a mu bí awọ?" Má-dà-á-nù bi í.

"Ó bá a mu o. Ó sọ ọ́ dọ̀dọ́."

"Èwo ni ká gbà?" Baálẹ̀ bi í. "Ó fún un ni, àbí ó bá a mu?"

"Tó bá dúró jẹ́ẹ́, ó bá a mu. Tó bá mí, ó fún un."

"O sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èmi? Láéláé!" Onígbàjámọ̀ fi táwẹ́ẹ̀lì èjìká rẹ̀ bo ẹnu. Táwẹ́ẹ̀lì náà ń gbọ̀n.

Télọ̀ ní òun ní ẹlẹ́rìí tí kò ní já òun kulẹ̀. Ó fa ìyá rẹ̀ síwájú.

"Màmá, ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe tọ́ mi."

"Mo tọ́ ọ dáadáa. Láti kékeré rẹ, aṣọ tuntun ni mò ń rà."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!"

"Àbúrò rẹ̀ ni mo ń rà á fún, torí ó ga jù ú lọ. Tí kò bá ti gba àbúrò mọ́, a ó fún ẹ̀gbọ́n."

"Màmá!"

"Irọ́ ni mo pa? Baálẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára."

Ó ku àkọ́bí. Ọmọ náà jáde, ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò lépo.

"Ẹ̀yin àgbà, èmi ò fẹ́ kí bàbá mi bínú. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n dúró níwájú díńgí, wọ́n fọwọ́ pa àyà, wọ́n ní, 'Ẹni tó rán èyí gbọ́ṣẹ́ o.'"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mò ń wò!"

"Wọ́n tún fẹ̀gbẹ́ wò ó."

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìjòyè obìnrin tẹ̀ síwájú lórí àga. Láti ìgbà tí bọ́tìnì àkọ́kọ́ ti já ló ti ń wo Má-dà-á-nù.

"Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ ńkọ́? Ipò kelòó lo wà lórí ìlà?"

"Èmi kẹ̀?" Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mò ń pè é, màmá. Ẹni tó ń pe ìlà kì í tò."

"Kaba ọrùn rẹ yìí, ta ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́?"

Má-dà-á-nù wo ara rẹ̀ bíi pé ẹlòmíì ló wọṣọ fún un. "Èjìká yìí, ṣòkòtò àkọ́bí ni. Apá yìí, àpò ìrọ̀rí ni. Ìsàlẹ̀ yìí, kọ́tìnì yàrá wa ni. Èyí tí kò bá ti lè dúró lára àbíkẹ́yìn mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń parí sí. Ó ṣáà ń bo ara."

Kò fi ṣe ẹ̀sùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka bọ́tìnì ni. Ṣùgbọ́n Télọ̀ yíjú sí i kíá. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń wá kọ́tìnì yẹn kiri.

"Télọ̀," Baálẹ̀ ní, "wò mí. Ìbàdí mi jẹ́ mélòó?"

Télọ̀ ò fọwọ́ kan tẹ́ẹ̀pù. "Ínṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta."

"Ti ìjòyè?"

"Méjìdínlógójì."

"Ta ló ní kó o kéde ẹ̀?" ìjòyè ní.

"Ti onígbàjámọ̀?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Èjìká òsì rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ."

"Ti ìyàwó rẹ?"

Télọ̀ fọwọ́ kan tẹ́ẹ̀pù. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Baálẹ̀, bí mo bá ti ń wò ó, ọmọ kan á wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn á wà níwájú. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí òun nìkan."

Onígbàjámọ̀ mú táwẹ́ẹ̀lì kúrò lẹ́nu.

"Ẹ gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀," Baálẹ̀ ní. Wọn ò tètè dìde, ó bá na ọwọ́, ó gbà á fúnra rẹ̀. Ìyá Télọ̀ já èyí tó dì mọ́ ẹsẹ̀ kúrò. Télọ̀ wá fa tẹ́ẹ̀pù yọ lọ́rùn, ó sún mọ́ obìnrin tó ti fẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń rìn bí ẹni tó rí oníbàárà ńlá.

"Jọ̀ọ́, gbọ́wọ́ sókè díẹ̀."

"Ọwọ́ yín tutù, bàbá wọn!"

"Má rẹ́rìn-ín, ìwọ̀n á yẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín náà ni. Àwọn ọmọ ń wò wọ́n bí ẹni ń wo àlejò méjì.

"Méjìlélógójì," Télọ̀ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Baálẹ̀ wúkọ́. Ọmọ ọwọ́ ti di irùngbọ̀n rẹ̀ mú.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Télọ̀, ìlà tó dáa fún ọmọ méje kò lè burú fún ẹni kẹjọ. Ipò kejì ni o wà, níbẹ̀ náà ni wàá dúró sí, àfi tó o bá ga. Èkejì, a kì í wọ oyè tá ò jẹ. Láti òwúrọ̀ ọ̀la, ìwọ ni olórí agbálẹ̀ nílé rẹ, títí ọmọ rẹ kejì á fi ga tó ọ, tí wàá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn fún un."

"Baálẹ̀! Ìyẹn á tó ìgbà wo?"

"Kò ní pẹ́," ìyá rẹ̀ ní.

"Ẹ̀kẹta. Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ lo rò pé ó lé oníbàárà lọ? Télọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ kọ́tìnì, ta ni yóò gbà pé télọ̀ ni? O máa ra aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí, o máa fi rán kaba fún un. Kaba náà ò sí lórí ìlà. Àpótí ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Àlùmọ́gàjí tó bá kàn án, ẹ̀wọ̀n ni, tòun ti ọwọ́ tó dì í mú. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, ìyàwó rẹ á wọ̀ ọ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ láìmú abẹ́rẹ́ dání. Ìwọ á wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹni tó bá rí kaba yẹn, kò ní bi ọ́ léèrè bàbá rẹ mọ́."

Má-dà-á-nù nawọ́ sókè.

"Baálẹ̀, èérún aṣọ tó bá ṣẹ́kù ńkọ́?"

Baálẹ̀ gbé orí lé ọwọ́. "Èérún ni tìẹ."

Ó dúpẹ́, ó gba ọmọ rẹ̀ pọ̀n. "Bàbá wọn," ó ní, "bọ́tìnì yín méjì wà lápò mi."

Wọ́n tò jáde, àwọn mẹ́sàn-án, àkọ́bí níwájú, bàbá tẹ̀ lé e. Télọ̀ ń sọ ọ́ lẹ́nu bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé: "Méjìlélógójì, méjìlélógójì..." Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé ìyá àgbà ọjọ́sí, tòun taṣọ rẹ̀ lábíyá.

"Ọmọ," ìyá àgbà ní, "ta ló rán ọ níṣẹ́ tó o fi ń kánjú báyìí?"

"Baálẹ̀ ni, màmá," Télọ̀ dáhùn, kò sì dúró, kí iye náà má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.