Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Ki Ara Mi

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò ní gbàgbé ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìgándò. Èmi ni mo dábàá pé kí a máa pe àwọn àgbà àdúgbò wá sọ ìtàn wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, àga ló gbọ́ ìtàn, èèyàn ò wá. Ọ̀gá wa sọ ọ́ lójú mi pé bí èyí tó kàn náà bá fọ́, a ó pa ètò náà tì.

Mo bá sáré lọ sí Ìṣẹ̀rí, mo lọ bẹ ìyá arúgbó kan tí gbogbo èèyàn ní ó mọ ìtàn sọ. Ìyá gbà. Bàbá kan jókòó níwájú ilé wọn. Mo kàn dọ̀bálẹ̀ wéréwéré, mo ní "Ẹ kúulé, sà," mo sì kọjá. Mo gbọ́n, àbí?

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Mo gbé máìkì fún Ìyá. Ó wò mí.

"Ọmọ mi, kí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ nígbà tó o lọ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n yín kẹ̀, mà?"

"Bàbá tó ń jókòó níwájú ilé. Ìwọ lo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo rò pé o ti sọ fún un ni. Ìtàn agbolé ni, ẹnu mi ò gbọdọ̀ ṣáájú tiẹ̀." Ó gbé máìkì kalẹ̀.

Ọ̀gá wa ń wo aago. Mo fi fóònù Ìyá pe Bàbá. Kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ pé ó yọ̀ǹda, mo gbé fóònù náà sẹ́nu máìkì. Ta ló rán mi níṣẹ́?

"Ìwọ tó kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé yẹn?" ni Bàbá wí. "Ó dáa. Kó o tó gbọ́ ìtàn àti oríkì ilé wa, ki ara rẹ kí n mọ ọmọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀."

Háà! Nílé wa l'Ékìtì, bí màmá mi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí báyìí, mo ti sá lọ gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Mo la ẹnu ṣá. "Èmi… ọmọ olókè… ọmọ oníyán… ọmọ ọlọ́bẹ̀ ẹ̀gúsí…"

"Ṣé oúnjẹ ni mo ní kó o kà fún mi ni?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gan-an, èmi tí mò ń pariwo àṣà kiri gbogbo Alímọ̀ṣọ́!

Ìyá mú máìkì. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá mọ tiẹ̀ kó dìde."

Ẹ̀rín dá. Kò sẹ́ni tó dìde, títí kan ọ̀gá wa. Bàbá mí kanlẹ̀ lórí fóònù. "Àbúrò mi, sọ ọ́ fún wọn jàre. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń tán lọ." Ìyá sọ ọ́ títí ọ̀gá wa fi gbàgbé aago, ètò wa ò sì kú.

Nírọ̀lẹ́, mo pe màmá mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, mà."

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni káàdì mi tán. Kí n tó dìde lọ ra òmíràn, fóònù dún. Màmá mi, tó jẹ́ fíláàṣì ló máa ń ṣe, kó pè kó sì gé e kí n lè pè é padà, òun gan-an ló pè. Ó kì mí dé òpin, mo sì jókòó gbọ́ ọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sá.

Ẹni tó bá fẹ́ bi ilé onílé léèrè, kó kọ́kọ́ bi ilé tiẹ̀. Iyán wà nínú oríkì wa lóòótọ́ o. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni mi ò gbọ́ níbẹ̀, mo sì ń fi ara mi rẹ́rìn-ín títí dòní.