Ẹsẹ̀ Oyèbámijí Kò Kan Ilẹ̀

Bí ẹ bá gbé ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí ẹ wá ní ẹ kò mọ Oyèbámijí Ọládipọ̀, a jẹ́ pé ojú yín fọ́, etí yín náà sì di. Akọ̀wé ni ní káńsù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní akọ̀wé ti dá ìjà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Aṣíwájú Títì, Gìwá Ọ̀nà Oko, Ọkọ Alùpùpù. Òun ló fún ara rẹ̀ lóyè, òun náà ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́. Tiwa ni ká máa pàtẹ́wọ́.

Alùpùpù kan ló kó bá a. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń la aginjù kọjá. Ẹnjiníà òyìnbó kan tó wá la ọ̀nà ló tà á fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó ga bí ẹṣin, ó sanra bí màlúù. Oyèbámijí ní tirẹ̀ kò ga. Bí ó bá fẹ́ gùn ún, á kọ́kọ́ gun òkúta; bí ó bá fẹ́ dúró, á wá ògiri fara tì. Kò sí ògiri kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò mọ èjìká rẹ̀.

Ó wa á lọ sọ́dọ̀ Yúnúsà mẹkáníìkì.

"Yúnúsà, gbogbo nǹkan tó bá yẹ alùpùpù yìí, fi sí i."

Yúnúsà yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ bíréèkì, ó fi àtàǹpàkò ra táyà.

"Ọ̀gá, táyà yìí ti pá bí orí àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ ká fi eléèékánná sí i, èyí tó ń di ẹrẹ̀ mú. Ká pààrọ̀ bíréèkì. Ká fi irin bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì nítorí òkúta. Lẹ́yìn náà, ká gé ìjókòó yìí kó wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín lè kan ilẹ̀."

"Kí o gé kí ni?"

"Ìjókòó, sà."

"Ìwọ Yúnúsà! Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń gé ìtẹ́ ọba kúrú rí? Táyà wà nísàlẹ̀. Ta ló ń wo ìsàlẹ̀? Òkè ni kí o fi nǹkan sí!"

Ló bá di òkè. Iná mẹ́fà níwájú, jígí mẹ́jọ lápá ọ̀tún àti òsì. Fèrè mẹ́ta: ọ̀kan ń ké bí ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀kan bí ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀kẹta bí ẹni tí wọ́n jí ní nǹkan. Ó wá ní kí wọ́n so àpótí onírin ńlá méjì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tí Yúnúsà parí iṣẹ́, alùpùpù náà kò gba ẹnu géètì wọlé mọ́.

Àpótí yẹn kì í ṣe fún fáàrí o. Abà kan wà lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́, Abà Ọ̀ṣuntókun, níbi tí àrùn èéyi ti pa ọmọ mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò wá gbé afárá wọn lọ. Pákó méjì ni wọ́n tẹ́ lé odò, mọ́tò kò lè gba orí rẹ̀. Káńsù ń wá ẹni tí yóò fi alùpùpù gbé Nọ́ọ̀sì Toyyibat lọ fún àwọn ọmọ tó kù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọwọ́ méjèèjì ni Oyèbámijí nà sókè.

"Ọmọ ń kú, ẹ sì ń bèèrè? Kò sí alùpùpù tó lè dé ibẹ̀ àfi tèmi! Mi ò gba kọ́bọ̀. Epo nìkan ni kí ẹ bù fún mi."

Gbogbo ọ́fíìsì kí i kú àánú. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé láti ọjọ́ tí afárá ti lọ, iyọ̀ ti wọ́n lábà náà, ìṣáná ti wọ́n, ẹja inú agolo sì ti di àlá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó wọn débẹ̀, iye tó bá wù ú ni yóò pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Toyyibat gbé kúlà abẹ́rẹ́ dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e sínú àpótí yìí, kí oòrùn má baà yọ́ yìnyín inú rẹ̀. Bí yìnyín bá yọ́, abẹ́rẹ́ bàjẹ́ nìyẹn."

"Àpótí ti kún, Nọ́ọ̀sì. Irinṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Alùpùpù ńlá, irinṣẹ́ ńlá."

"Nínú méjèèjì?"

"Èkejì, irinṣẹ́ tí a fi ń tún irinṣẹ́ ṣe ni."

Nọ́ọ̀sì gbé kúlà lé itan. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìṣẹ́, ọ̀nà ọ̀dà ni, kò sí wàhálà. Oyèbámijí fun fèrè fún ewúrẹ́, ó fun ún fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó fun ún fún bàbá kan tó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ lórí àga. Nígbà tí wọ́n yà sí ọ̀nà oko, ẹrẹ̀ dé. Táyà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ìṣẹ́ tí wọ́n ti ń bọ̀ ni wọ́n tún kọjú sí. Oyèbámijí rí igi kan fara tì, Toyyibat fò sílẹ̀ tòun ti kúlà.

"Mi ò gùn ún mọ́."

"Nọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń gùn ún lókè òkun nìyẹn."

"Ẹ wá máa gùn ún lọ sókè òkun. Abà Ọ̀ṣuntókun lèmi ń lọ."

Ibẹ̀ ni Mojírádé bá wọn. Tíṣà ni nílé ẹ̀kọ́ abà náà, ojoojúmọ́ ló sì ń gba ọ̀nà yìí lórí máṣìnnì kékeré kan tó ní jígí ẹyọ kan péré. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ ní èékánná.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gun ẹ̀yìn. Yìnyín kì í dúró de ènìyàn."

Wọ́n lọ, tu-tu-tu-tu, bí ẹni ń lọ sí ọjà.

Ọ̀rọ̀ náà dun Oyèbámijí dé egungun. Ẹ̀rù tún ń bà á: bí àwọn ìyá bá gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ tán tí wọ́n tú ká lọ sóko, ta ni yóò ra iyọ̀? Ó tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ariwo, ó ń yọ̀ síhìn-ín yọ̀ sọ́hùn-ún nínú ẹrẹ̀, orí ló sì kó o yọ lórí pákó méjèèjì. Ẹnu abà ló ti bá wọn, ó ta ẹrẹ̀ sí wọn lára, ó fun fèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó já sí pápá ilé ẹ̀kọ́ níbi tí àwọn ìyá ti jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ó tẹ bíréèkì. Bíréèkì gbọ́, ṣùgbọ́n ó ronú díẹ̀ kó tó dáhùn. Àárín pápá gan-an ló dúró sí. Kò sí ògiri, kò sí òkúta.

Bàbá Ògúnlẹ́yẹ, baálẹ̀ abà, nàka sí i. "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ kò kan ulẹ̀ o!"

Aṣíwájú Títì fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń lọ, bí igi tí wọ́n fi ayùn rẹ́, ó sì ń wo ara rẹ̀ nínú jígí mẹ́jọ bó ti ń ṣubú. Gbàà! Fèrè há, kò dákẹ́ mọ́. Àpótí méjèèjì ṣí. Iyọ̀ dà jáde, ìṣáná dà jáde, agolo ẹja yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ àwọn ìyá.

Mojírádé ló já wáyà fèrè kí etí tó sinmi. Toyyibat ṣa agolo kan nílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé irinṣẹ́ nìyí?"

Oyèbámijí ń gbìyànjú láti yọ ẹsẹ̀ lábẹ́ alùpùpù.

"Epo káńsù lẹ fi gbé ọjà wá síbi tí ọmọ ti ń kú? Ta ló ni ẹrù yìí? Bó bá jẹ́ tiyín, mo máa kọ ọ́ fún ọ̀gá wa lónìí." Toyyibat yọ bírò.

Oyèbámijí wo ẹrù, ó wo bírò, ó rántí iṣẹ́ ìjọba. "Tèmi kọ́."

"Kì í ṣe tiyín?"

"Mo fi Ọlọ́run búra! Bóyá òyìnbó tó tà á fún mi ló gbàgbé wọn síbẹ̀."

Bàbá Ògúnlẹ́yẹ mi orí. "Òyìnbó ti lọ ulé rẹ̀, a ò lè sáré lé e. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tó bá gba abẹ́rẹ́ tán, kí ìyá rẹ̀ mú iyọ̀ kan, ìṣáná kan, ẹja kan."

Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ sáré relé lọ gbé ọmọ tí wọ́n fi pamọ́. Yìnyín kò tíì yọ́ tán nígbà tí ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ti gbà á. Oyèbámijí ni wọ́n ní kó máa bá wọn di àwọn ọmọ mú. Ọmọ á ké, iyọ̀ á lọ. Ọmọ á ké, ẹja á lọ. Ẹni tó ń mí ìmí ẹ̀dùn jùlọ nídìí abẹ́rẹ́ náà, kì í ṣe ọmọ.

Nígbà tó ku àpò iyọ̀ kan ṣoṣo, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó nawọ́ sókè.

"Nọ́ọ̀sì, mo rántí nǹkan kan nípa ẹrù yẹn."

Toyyibat ṣí ìwé, ó yọ bírò padà.

"Kí lẹ rántí, Ẹ̀gbọ́n?"

Oyèbámijí wo bírò náà títí.

"Mo rántí pé iyọ̀ gidi ni."