Igi Baba Ìlọsókè

Ẹ bá mi kí ọ̀gá wa, Baba Ìlọsókè! A-sọ-òfò-di-èrè, a-ka-ẹyọ-kan-ní-méjì, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń wọ ọ́fíìsì ṣáájú rẹ̀. Òun ni ọ̀gá àgbà níbi tí wọ́n ti ń wọn ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, láti ìgbà tó sì ti débẹ̀, ọrọ̀ náà kò rọlẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ya ìlà kan tó ń gòkè sára ògiri ẹ̀yìn àga rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé, á sún àga díẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Akọ̀wé rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, mọ ọgbọ́n tí ìlà náà fi ń gòkè. Ohunkóhun tí wọ́n bá náwó sí, ọrọ̀ ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò náwó sí, kò sí láyé. Wọ́n gé igbó ẹ̀yìn ìlú, ọrọ̀ dé. Òjò wọ́ iyẹ̀pẹ̀ dí odò, wọ́n gba òṣìṣẹ́ kí wọ́n wá kó o, ọrọ̀ tún dé. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "òfò" lẹ́nu ọ̀gá rí.

Àmọ́ etí igbó yẹn gan-an ni ilé ìyá akọ̀wé wà. Bí igbó ṣe ń tán ni kànga ìyá ń gbẹ. Bí wọ́n bá ju korobá sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń gbé wá. Ó dun akọ̀wé débi pé ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, omi ti tán nínú kànga màmá mi. Omi táńkà ni wọ́n ń rà báyìí."

Baba Ìlọsókè dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Kú oríire! Bá mi kí màmá. Kí ni omi kànga ń mú wọlé tẹ́lẹ̀? Òfìfo! Ní báyìí, ẹni tó ni táńkà á jẹun, awakọ̀ á jẹun, ẹni tó ń ta epo á jẹun. Màmá ti ń gbé orílẹ̀-èdè ró!"

Akọ̀wé dúpẹ́, ó jáde, ó sunkún díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Kò pẹ́ ni wọ́n yan mínísítà tuntun, obìnrin kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, wọn yóò máa yọ ohun tó bàjẹ́ kúrò nínú ohun tó wọlé: igbó, odò, ilẹ̀, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè bá nǹkan nílẹ̀. Wọn yóò dá àjọ kan sílẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ yóò wá wo ọ́fíìsì kó tó yan alága.

Alága! Baba Ìlọsókè sáré lọ rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìbúra. Ọkàn akọ̀wé kò balẹ̀ rárá. Bí ọkùnrin yìí bá gba ipò náà, orí ìwé nìkan ni igbó yóò ti máa hù.

Ìṣòro kan ló kù fún ọ̀gá. Ọgbà ọ́fíìsì kò ní igi kankan, nítorí ọ̀gá ti ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀, kí wọ́n da kọnkéré síbẹ̀ fún mọ́tò.

"Ẹ lọ gbé igi wá nínú igbó," ó pàṣẹ. "Èyí tó ga ni kẹ́ ẹ gé."

"Ṣé wọn ò ní hú u tòun ti gbòǹgbò, sà?" akọ̀wé bi í.

"Ta ló fẹ́ wo gbòǹgbò? Bí a bá gé e, a ó kà á sí pákó. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀ níbí, a ó kà á sí igbó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọlé yẹn!"

Wọ́n lu kọnkéré, wọ́n ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n fi yanrìn há a. Ní àárọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò, ọgbà tutù minimini. Ẹyẹ kan tiẹ̀ bà lé ẹ̀ka, ó wò yí ká, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá gbé mọ́tò rẹ̀ tuntun sábẹ́ igi tó ga jù.

Mínísítà kò dé títí oòrùn fi wà ní àtàrí. Ewé ti ń ká kò. Nígbà tí mínísítà dé, Baba Ìlọsókè dúró ti igi náà níwájú òṣìṣẹ́ àti oníròyìn.

"Àwọn ọmọ-ọmọ wa ni mo gbin igi yìí fún!" Ewé méjì já bọ́ sórí fìlà rẹ̀.

"Ṣé ó ti pẹ́ níbí?" mínísítà béèrè.

"Ó ti pẹ́ gan-an, mà. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dé abẹ́ ọ́fíìsì mi. Ẹ wò bó ṣe le!"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi náà. Igi mì, ó rò ó wò, ó sì wó lu mọ́tò ọ̀gá gbàà! Ìdí rẹ̀ yọ síta, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí orí tábìlì.

"Gbòǹgbò náà dà?" mínísítà béèrè.

Baba Ìlọsókè kò gbọ́. Ó ti káwọ́ lérí.

"Mọ́tò mi! Mo gbé o! Òfò ńlá rè é!"

Akọ̀wé jáde síwájú, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ kú oríire, sà. Panẹ́bítà á jẹun. Ẹni tó ń ta gíláàsì á jẹun. Ẹni tó ń kun mọ́tò á jẹun."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mínísítà kò rẹ́rìn-ín.

"Òfò ló pè é," ó wí fún àwọn oníròyìn. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ó wá ẹlòmíì fún ipò alága." Ó yíjú sí akọ̀wé. "Níbo lẹ ti gé igi yìí?"

"Lẹ́yìn kànga màmá mi ni, mà."

"Ẹ wọ mọ́tò, ẹ mú mi lọ wò ó."

Lójú ọ̀nà, wọ́n kọjá lára Baba Ìlọsókè tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé nínú oòrùn, láìsí igi kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò náwó kankan sí ìrìn náà, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò òun fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rìn níbẹ̀.