Díákónì Asúre-fún-Ìrẹsì

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Oyèkànmí ọkọ mi kẹ́yìn, orí fóònù ni. Ibi iṣẹ́ ló wà ní Fairburn. Ó ní, "Rẹ̀mílẹ́kún, bu oúnjẹ tèmi pamọ́ o, kí Díákónì tó wá súre fún un." Mo rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ kí shift tó parí.

Ṣé ẹ mọ Díákónì Dáramọ́lá? Tẹ́ ẹ bá ń gbé Atlanta, tẹ́ ẹ sì ń dáná, ẹ mọ̀ ọ́n. Arìnrìn-àjò Jerúsálẹ́mù! Asúre-fún-ìrẹsì! Ọ̀jọ̀gbọ́n ìdí ìkòkò! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tẹ̀ lé ìjọ lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó dé tòun ti fìlà pelebe kan láàrin orí.

"Lọ́dọ̀ àwọn Júù," á na ìka sókè, "a kì í kàn ki oúnjẹ ọkà mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Búrẹ́dì ní ìbùkún tiẹ̀. Kéèkì àti ìrẹsì ní tiwọn. Ẹni tó bá sì súre gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti pe orúkọ Ọlọ́run lásán."

Ẹ wá wo ẹni tí kò fẹ́ kí orúkọ Ọlọ́run ṣòfò! Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Buford, ó súre fún ìrẹsì, ó jẹ. Ó súre fún spaghetti, ó jẹ. Sẹ́mò dé, ó ní àlìkámà ni, ó súre, ó jẹ. Ṣíbí tó fi ń "fẹnu kàn án" yẹn, bíi ṣọ́bìrì ni. Kí àlejò tó rí àwo gbà, ìdí ìkòkò ti ń hàn.

Nígbà tí a ṣe ìrántí ọkọ mi nílé wa ní Dacula, pásítọ̀ wà lórí shift ní hospital, ló bá rán Díákónì. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ìjọ dìde, kí wọ́n dárúkọ Oyèkànmí, kí wọ́n gbàdúrà lórí orúkọ yẹn lójú èèyàn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe dáná.

"Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà."

"Mummy, àdúrà kì í tutù. Oúnjẹ ló ń tutù."

Mr. Joel, Júù tí òun àti ọkọ mi jọ ṣiṣẹ́, wà níjòókòó. Ó gbé búrẹ́dì ńlá kan wá fún wa láti Toco Hills, àdúgbò àwọn Júù. Omi ni òun ń mu ní tiẹ̀, torí òfin wọn ò jẹ́ kó jẹ nínú ìkòkò wa. Bí Díákónì ṣe rí i, ara rẹ̀ yá gágá. Ó súre fún búrẹ́dì, ó fa ìdajì ya, ó kó o sẹ́nu. Ló bá na ṣíbí sí ìrẹsì.

"Mr. Joel, ẹ sọ fún wọn! Ṣé irọ́ ni mo ń pa?"

Òyìnbó ni Mr. Joel fi dáhùn, èmi ni mo gbé e wá sí Yorùbá: "Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ ti jẹ búrẹ́dì. Tí búrẹ́dì bá ti ṣáájú, ìbùkún rẹ̀ ti kárí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e."

"Títí kan ìrẹsì?"

"Títí kan ìrẹsì."

"Sẹ́mò ńkọ́?"

"Sẹ́mò náà. Ẹ ò ní láti súre kankan mọ́."

Ṣíbí dúró lófuurufú. Aunty Salimat, aládùúgbò wa, pàtẹ́wọ́. "Yéè! Gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti jẹ mọ́ wa lọ́wọ́ ńkọ́, Díákónì? Ẹ yáa pọ̀ ọ́ o!"

Díákónì wò yíká. "Èmi ò tíì jẹ búrẹ́dì kankan o. Mo kàn súre fún un ni."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ̀rúnrún ń já bọ́ sórí táì.

Sister Bridget, olórí akọrin wa, rọra béèrè: "Ẹ súre, ẹ ò jẹ? Ah, sir, ẹ mà ti pe orúkọ Ọlọ́run lásán nìyẹn!"

Ilé dàrú. Díákónì fẹ́ fèsì, búrẹ́dì há a lọ́fun, ó húkọ́, fìlà Jerúsálẹ́mù já sínú ọbẹ̀. Mr. Joel tó kàn dáhùn ìbéèrè ló tún sáré bu omi fún un.

"Mi ò lè bá aláìmọ̀kan jẹun!" Díákónì gbá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mú, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ.

"Ẹ ti jẹun tán!" Salimat ké tẹ̀ lé e.

Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n jẹ, wọ́n ń sín Díákónì jẹ, wọ́n di oúnjẹ lọ sílé. Àwọn kan ní shift alẹ́, ọ̀nà àwọn mìíràn jìn. Wọ́n dì mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan: "Mummy, òní mà dùn o!" Mọ́tò tó kẹ́yìn lọ.

Mo fọ àwo. Kò sẹ́ni tó tíì gbàdúrà fún Oyèkànmí.